Àwọn àyípadà kéékèèké tí wọn kì í kéde, tó sì ń ba áàpù wa jẹ́: ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ síbí

Alágbẹ̀dẹ_Áàpù:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó dátà.

Nígbà tí Android 16 jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹwà ojú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ. Èmi ń wá àwọn ìlà kéékèèké tó fara pamọ́ sínú ìwé àlàyé, àwọn tí a kì í kà títí oníbàárà á fi pè pé áàpù òun ò ṣí mọ́. Mo fẹ́ ká kó wọn jọ síbí. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ dájú: kí ló yí padà, ta ló kàn, kí la máa ṣe sí i. Ìkéde ńláńlá, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá Google àti Apple jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí ojú ewé tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Kotlin kọ áàpù, kí ẹ tó gbé compileSdk (nọ́ńbà Android tí ẹ fi ń kọ́ áàpù) lọ sí 35, ìyẹn Android 15, ẹ wá removeFirst() àti removeLast(), tó ń yọ ohun àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn kúrò nínú àkójọ, káàkiri inú kóòdù yín. Ó pẹ́ tí Kotlin ti ní àwọn méjèèjì fún MutableList. Nígbà tó yá, Java 21 mú tirẹ̀ jáde, orúkọ kan náà, Android 15 sì gbà á wọlé. Láti ìgbà náà, bí compileSdk bá ti di 35, ti Java ni compiler, tó ń sọ kóòdù di áàpù, máa mú, á fi ti Kotlin sílẹ̀. Ẹ ò fọwọ́ kan ìlà kankan nínú kóòdù yín o. Ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí fóònù tuntun tó wà lọ́wọ́ yín. Ìgbà tó bá dé orí Android 14 tàbí èyí tó dàgbà jù ú lọ ni NoSuchMethodError, ìyẹn pé iṣẹ́ tí áàpù ń pè kò sí níbẹ̀, á yọjú, áàpù á sì kú fin-ín-fin-ín.

Oògùn rẹ̀ kò le: removeAt(0) dípò removeFirst(), removeAt(list.lastIndex) dípò removeLast(). Lint, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe inú kóòdù, èyí tó wà nínú Android Gradle Plugin tuntun, náà máa ń mú un, bí ẹ bá ń jẹ́ kí lint ṣiṣẹ́. Mo mọ àwọn tó ti pa lint nítorí pé ó ń pariwo jù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé compileSdk ló fa èyí, targetSdk, nọ́ńbà Android tí áàpù sọ pé òun ti múra sílẹ̀ fún, kò lọ́wọ́ sí i. Wọ́n ti fi kọ́ wa tipẹ́ pé ẹ lè gbé compileSdk sókè bó ṣe wù yín, kò lè ṣe áàpù ní nǹkan kan. Ó lè ṣe é.

Arábìnrin_Kotlin:

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Tèmi ni ti áàpù tó ń gba ojú fóònù láti etí dé etí. Bí targetSdk yín bá ti di 35, tí fóònù sì jẹ́ Android 15 sókè, áàpù yín á tẹ́ ara rẹ̀ dé abẹ́ ibi tí aago àti bátìrì wà lókè, á sì tún tẹ́ dé abẹ́ àwọn bọ́tìnì ìsàlẹ̀. Kò ní bèèrè lọ́wọ́ yín. setStatusBarColor tí ẹ fi ń kun òkè náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní sọ fún yín pé òun ò ṣiṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ áàpù ló máa ń fi ìka fa ojú fóònù láti padà sẹ́yìn, nítorí náà ìlà tín-ín-rín kan ló wà nísàlẹ̀ fóònù tiwa. Bọ́tìnì mẹ́ta àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń lò, pàápàá àwọn màmá ọjà. Bọ́tìnì "Fi owó ránṣẹ́" tó hàn kedere lórí fóònù ẹni tó kọ áàpù á ti wọ abẹ́ bọ́tìnì mẹ́ta yẹn lórí ti màmá. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, fóònù á gbé wọn padà sójú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á pe ọmọ wọn pé owó ò lọ, ọmọ á sì lọ fún yín ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lórí Play Store.

Nínú Compose, ọ̀nà tuntun tí a fi ń kọ ojú ewé áàpù, ẹ má ju innerPadding, àlàfo etí tí Scaffold ń fún yín, nù. Nínú View àtijọ́, ViewCompat.setOnApplyWindowInsetsListener ni. Ẹ rántí kíbọ́ọ̀dù náà: ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ dàrú, imePadding() ló sì ń tún un ṣe. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ lọ sí Settings, ẹ yí fóònù yín sí bọ́tìnì mẹ́ta, kí ẹ wá rìn yíká gbogbo ojú ewé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ọmọ_Yábàá:

Sìstá mi, kí ló dé tí a ń pa ara wa? Ìlà kan wà fún un. Ẹ kọ windowOptOutEdgeToEdgeEnforcement sínú theme, ẹ fi true sí i, ó parí. Áàpù tí mo ń tọ́jú ní ojú ewé rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹni tó kọ wọ́n ti lọ sí Kánádà. Ta ló fẹ́ máa tún insets, àwọn àlàfo etí wọ̀nyẹn, ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan?

Arábìnrin_Kotlin:

@Ọmọ_Yábàá, àbúrò mi, ìlà yẹn ti ń kú lọ. Bí o bá gbé targetSdk dé 36, Android 16 ò ní kà á sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ Google máa ń gbé òdiwọ̀n rẹ̀ sókè lọ́dọọdún: láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, 35 ló di dandan fún áàpù tuntun àti fún àtúnṣe sí èyí tó ti wà. Ìsinmi ráńpẹ́ lo rà. Tí o bá ń lò ó láti tún ojú ewé ṣe ní méjì méjì, mo gbà fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ti ń kọjá.

Tí o bá wá dé 36 náà, nǹkan méjì míì ń dúró dè ọ́. Android ò ní pe onBackPressed, ibi tí a ń kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá fẹ́ padà sẹ́yìn, mọ́. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo kọ "Ṣé o fẹ́ jáde lóòótọ́?" sí, kò sẹ́ni tó máa rí ìbéèrè yẹn mọ́, áàpù á kàn jáde ni, tòun ti fọ́ọ̀mù tí ènìyàn ti kọ dé ìdajì. OnBackPressedCallback ni kí o kó o sí. Àyè ṣì wà láti sún un síwájú: fi enableOnBackInvokedCallback sí false nínú manifest, fáìlì tí áàpù fi ń júwe ara rẹ̀ fún Android. Èkejì ni ti àwọn ojú fóònù tó fẹ̀ tó 600dp, ìyẹn tábílẹ́ẹ̀tì àti àwọn fóònù tó ń ká. Bí o bá ti so áàpù rẹ mọ́ ìdúró òòró, Android 16 á tú okùn náà lórí wọn. Wọ́n yọ géèmù sílẹ̀.

Bàbá_Sẹ́fà:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú akitiyan. Fóònù lẹ̀ ń wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sẹ́fà, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó máa pa áàpù tó pọ̀ jù ti ń bọ̀.

Ìwé ẹ̀rí TLS ni mò ń sọ, èyí tó gbé https ró. Ọjọ́ 398 ló pẹ́ jù tí ọ̀kan lè lò tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CA/Browser Forum, níbi tí àwọn tó ń ṣe ìwé ẹ̀rí àti àwọn tó ni bíráúsà ti ń pàdé, dìbò pé kí ó máa kúrú sí i: ọjọ́ 200 láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2026, ọjọ́ 100 láti oṣù Kẹta 2027, ọjọ́ 47 péré láti oṣù Kẹta 2029. Àwọn onísẹ́fà ti gbọ́. Àwọn tó ń kọ áàpù rò pé kò kan àwọn.

Ó kàn yín bí ẹ bá ń ṣe pinning, ìyẹn ni pé ẹ ti kọ àmì ìwé ẹ̀rí sẹ́fà mọ́ inú áàpù, kí áàpù má bàa gba òmíràn. Ọ̀pọ̀ áàpù owó ló ń ṣe é, wọ́n sì sábà máa ń so ó mọ́ ìwé ẹ̀rí gan-an. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń pààrọ̀ ìwé, ẹ̀ ń rọ́gbọ́n dá: ẹ gbé áàpù tuntun jáde ṣáájú, ẹ bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n gbà á. Tó bá di ọjọ́ 47, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún nìyẹn. Ta ni nínú àwọn oníbàárà yín tó máa fi dátà rẹ̀ gba áàpù lẹ́ẹ̀mẹjọ nítorí ìwé ẹ̀rí tí kò mọ̀ pé ó wà?

Ìwé àlàyé Android fúnra rẹ̀ kò dámọ̀ràn pinning fún áàpù. Bí ọ̀gá yín tàbí àwọn olùyẹ̀wò bá takú pé àfi dandan, ẹ so ó mọ́ public key, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí, ẹ má so ó mọ́ ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan náà lè wà nínú ìwé tuntun. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà ní ìpamọ́ kún un. Ẹ sì kọ expiration, ọjọ́ ìparí, sára pin-set nínú network_security_config, fáìlì ètò ààbò áàpù: bí ọjọ́ yẹn bá pé, fóònù á dá pinning dúró, áàpù á máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ti rí i tí wọ́n yọ ọ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ láàbò. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá áàpù tí kò ṣí ni ààbò tí wọ́n ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt, wọn kì í fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ mọ́ pé ìwé yín fẹ́ parí. Wọ́n dá a dúró ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Bí lẹ́tà yẹn bá ni ẹ gbójú lé, ẹ lọ gbé nǹkan míì síbẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó ń pani lẹ́rìn-ín kún un kí n tó lọ. Ẹ gbé sẹ́fà láti Java 17 lọ sí 21, àkókò tí áàpù ń fi ránṣẹ́, "10:30 PM", kò ṣeé kà mọ́. Ẹ wò ó títí, kò sí ohun tó yàtọ̀ lójú. Láti JDK 20, ìyẹn Java 20, ni Java ti gba CLDR 42, àkójọ bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọjọ́ àti àkókò, àlàfo tó wà láàárín 30 àti PM kì í sì í ṣe àlàfo tí ẹ mọ̀ mọ́: U+202F ni, àlàfo tóóró tí kì í jẹ́ kí ìlà já. Ojú ò lè rí i, parser, kóòdù tó ń ka àkókò náà, rí i. Àwọn kan ń fi java.locale.providers=COMPAT tún un ṣe, ṣùgbọ́n JDK 23 ti mú ọ̀nà yẹn kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́ àti àkókò, AM àti PM wà fún ènìyàn.

Ọmọ_Yábàá:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ti U+202F yìí ti tú mi nídè lórí nǹkan kan tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ìbéèrè tèmi kéré. Mo san $25 fún àkáǹtì Play, mo ti kọ áàpù mi tán, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn àfi tí mo bá kọ́kọ́ ní àwọn tó dán an wò. Ẹnì kan ní ogún ènìyàn ni, ẹlòmíì ní méjìlá. Ẹnì kan ń ta wọn lórí Telegram. Ṣé kí n rà wọ́n?

Alágbẹ̀dẹ_Áàpù:

Má rà wọ́n, àbúrò. Méjìlá ni. Àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni òfin náà mú. 20 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 12 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdí nìyẹn tí àwọn fídíò àtijọ́ fi ń sọ ogún. Àwọn méjìlá yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú closed test, ìdánwò fún àwọn tí o pè nìkan, fún ọjọ́ 14 láìjáde. Ibẹ̀ ló ti ń mú àwọn ènìyàn: bí o bá kó méjìlá géérégé, tí ẹnì kan bá sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, o ò pé mọ́ nìyẹn. Kó ju méjìlá lọ. O wà ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ńkọ́?

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, fọ́ọ̀mù kan á bi ọ́ léèrè ohun tí àwọn olùdánwò sọ àti ohun tí o tún ṣe. Àwọn tí o rà kò ní sọ nǹkan kan, kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀? Àkáǹtì ilé iṣẹ́ kò sí lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ nọ́ńbà D-U-N-S, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́.

Tó bá sì jẹ́ pé ò ń rò ó pé wàá kúkú máa fi APK, fáìlì áàpù fúnra rẹ̀, ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Google ti kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 pé lórí fóònù Android tí àwọn fọwọ́ sí, áàpù tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá forúkọ sílẹ̀ kò ní ṣeé fi síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ láti òde Play. Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand ni wọ́n fi ṣáájú, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù láti 2027 lọ. Ariwo pọ̀, wọ́n sì ti sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ní àkáǹtì tiwọn fún fóònù díẹ̀, pé ọ̀nà á sì wà fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe láti fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Àwa tó jẹ́ pé APK la fi ń bá oníbàárà ṣiṣẹ́, ká má sùn.

Akápò_KYC:

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé iṣẹ́ tó ń bá owó lò ni mo wà, ohun tí mo fẹ́ sọ kan fóònù àwọn ènìyàn wa gan-an.

Play Integrity, ètò Google tó ń bá áàpù yẹ fóònù wò. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń dá yín lóhùn pé fóònù yìí dára, tàbí kò dára. Ìpele tó ga jù ni MEETS_STRONG_INTEGRITY. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lórí Android 13 sókè, fóònù kan ò lè dé ìpele yẹn àfi tí ó bá ti gba àtúnṣe ààbò láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ tún un kà. Fóònù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, tí wọn ò tú, tí wọn ò fi nǹkan burúkú kankan sí, á já sílẹ̀ kìkì nítorí pé ẹni tó ṣe é ti dá àtúnṣe dúró. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà níbí, mélòó nínú wọn ló ń rí àtúnṣe lẹ́yìn ọdún kejì?

Bí áàpù yín bá ti kọ ọ́ pé "kò bá STRONG mu, má jẹ́ kó wọlé", kóòdù yín ò yí padà, àmọ́ àwọn tó ń wọlé lánàá kò lè wọlé lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ohun tí mo fara mọ́: ẹ má fi STRONG ṣe ẹnu ọ̀nà. MEETS_DEVICE_INTEGRITY, ìpele tó rẹlẹ̀ sí i, ni kó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá fi STRONG pín owó: ẹni tó ní in lè fi owó ńlá ránṣẹ́ ní tààrà, ẹni tí kò ní in, kí òdiwọ̀n rẹ̀ kéré tàbí kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè kan sí i. Ẹ̀ka ààbò kan lè bínú sí mi fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sọ fún mi ohun tí ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà fi fóònù rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù ẹ̀yáwó, kíá: láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Play ti sọ pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ tàbí fọ́tò oníbàárà. Ní Nàìjíríà, wọ́n tún ń bèèrè ìwé àṣẹ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ohun tó ń bọ́ lójú àwọn kan ni pé SDK ẹlòmíì, ìyẹn kóòdù tí wọ́n kọ tí ẹ fi kún áàpù yín, lè kó READ_CONTACTS, àṣẹ láti ka nọ́ńbà ojúlùmọ̀, wọlé fún yín láìsọ. Manifest tó dàpọ̀ tán ni kí ẹ ṣí wò.

Flutter_Ni_Mò_Ń_Jẹ:

Akápò mẹ́nu ba SDK ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀.

16 KB. Mẹ́mọ́rì tí Android ń pín ní ègé 4 KB láti ọjọ́ aláyé ti ń lọ sí 16 KB lórí àwọn fóònù tuntun kan. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, áàpù tuntun tàbí àtúnṣe tó ń wo Android 15 sókè gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí 16 KB kí Play tó gbà á. Ẹni tó ń kọ Kotlin tàbí Java nìkan kò ní wàhálà. Ibi tí fáìlì .so, irú èyí tí a ń fi C++ kọ́, bá wà ni ọ̀rọ̀ wà, àwa tí a ń fi Flutter àti React Native kọ áàpù sì kún fún .so.

Flutter fúnra rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, React Native náà ti ṣe é láti 0.77. Bí ẹ bá ń kọ C++ fúnra yín, NDK r28, irinṣẹ́ C++ ti Android, ń tò ó bó ṣe yẹ láìsí pé ẹ ń sọ nǹkan kan. Wàhálà ni àwọn library, kóòdù ẹlòmíì tí a ń yá lò, tí ẹni tó kọ wọ́n ti kúrò nídìí rẹ̀: èyí tó ń ka PDF, èyí tó ń ya ojú ènìyàn fún KYC (ìdámọ̀ oníbàárà), èyí tó ń bá ẹ̀rọ POS tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rìsíìtì sọ̀rọ̀. .so wọn ti di èyí tí a kò lè tún tò nítorí a ò ní kóòdù rẹ̀. Ẹ ju APK yín sínú APK Analyzer ti Android Studio, á fi èyí tí kò tò hàn yín. Lẹ́yìn náà ẹ gbé áàpù sórí emulator, fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà, tó ní ètò 16 KB, nítorí pé ó tò kò túmọ̀ sí pé kóòdù inú rẹ̀ ò kọ 4096 (4 KB) sí ibì kan.

Tó bá jẹ́ library tí ẹ rà ni, ẹ kọ̀wé sí wọn ní kíákíá. Àwa kọ̀wé sí ọ̀kan, èsì tí wọ́n fún wa ni "kí ni 16 KB?" Òmíràn la lọ mú.

Ọmọ_Èkó_Peckham:

Ẹ kú ilé o, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mẹ́nu ba iPhone?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye ènìyàn tó ń lo iOS kọ̀ọ̀kan láti inú User-Agent, ọ̀rọ̀ tí bíráúsà fi ń júwe ara rẹ̀ fún sẹ́fà, iye yín kì í ṣe òótọ́ mọ́. Apple fò láti iOS 18 bọ́ sí iOS 26 ní ọdún 2025, gbogbo ènìyàn gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ni pé Safari 26 ṣì ń kọ "iPhone OS 18" sínú User-Agent rẹ̀, wọ́n ti dì í síbẹ̀. Mo rí ọ̀gá kan tó ń sọ nínú ìpàdé pé àwọn oníbàárà àwọn kọ̀ láti gba iOS tuntun. Wọ́n ti gbà á. Version/26 tó wà níwájú díẹ̀ ni kí ẹ máa kà.

Èkejì: fáìlì PrivacyInfo.xcprivacy. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Apple ti ń dá áàpù padà bí kò bá sọ nínú fáìlì yìí ìdí tó fi ń lo àwọn API kan, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí áàpù ń pè. Àwọn ènìyàn rò pé àwọn tó ń ṣọ́ni káàkiri nìkan ló kàn. UserDefaults wà nínú rẹ̀ o, UserDefaults tí gbogbo áàpù fi ń tọ́jú ètò kéékèèké.

Ọmọ_Yábàá:

Kí n má kàn jókòó jẹ́ oníjà. Méjì ni tèmi.

Firebase Dynamic Links, líǹkì Google tó ń gbé ènìyàn wọ inú áàpù, kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ ti mọ̀, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú áàpù. Àwọn líǹkì àtijọ́ ni wọ́n gbàgbé: líǹkì "pe ọ̀rẹ́ rẹ wá" tó ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára báńà, QR tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ page.link, ó ti tán, ẹ lọ tún báńà tẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé App Links, líǹkì Android tó ń ṣí áàpù ní tààrà, rọ́pò rẹ̀, SHA-256 (àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́) tí ẹ máa kọ sínú assetlinks.json, fáìlì tó so ìkànnì yín mọ́ áàpù, ni ti kọ́kọ́rọ́ tí Play fi ń fọwọ́ sí áàpù, kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń gbé e lọ sí Play. Ó wà nínú Play Console. Bí ẹ bá fi èkejì síbẹ̀, bíráúsà ni líǹkì á máa ṣí títí láé.

Google Maps ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, $200 lóṣù ni wọ́n ń dá padà fún wa. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n mú un kúrò, wọ́n fún API kọ̀ọ̀kan ní iye ọ̀fẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń lo díẹ̀ díẹ̀ lára API púpọ̀ jèrè. Ẹni tó ń lo Geocoding, tó ń sọ àdírẹ́sì di ibi lórí máàpù, nìkan, bí àwọn oní-dísípáàsì, ló pàdánù: $5 ni ẹgbẹ̀rún kan, nítorí náà $200 ń gbé 40,000 fún un. Báyìí, 10,000 ni ọ̀fẹ́. Bó bá ṣì ń lo 40,000, $150 lóṣù nìyẹn, ní dọ́là. Ẹ tọ́jú àdírẹ́sì tí àwọn oníbàárà yín ń lò léraléra bí òfin wọn bá ṣe gbà, kí ẹ sì fi quota, òdiwọ̀n ìlò, sí i kí ó tó jẹ owó oṣù yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí olùdánwò mẹ́rìndínlógún. Ìbéèrè kan ló kù: báwo lẹ ṣe ń mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó bàjẹ́? Ìwé àlàyé yẹn gùn jù.

Arábìnrin_Kotlin:

Má ka gbogbo rẹ̀. Fún Android kọ̀ọ̀kan, ojú ewé méjì ló ṣe pàtàkì: àyípadà tó kan gbogbo áàpù, àti àyípadà tó kan áàpù tó bá gbé targetSdk sókè. Èkíní ni kí o kọ́kọ́ kà, nítorí ó máa kàn ọ́ bí o ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Èkejì, ìwọ lo máa yan ọjọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lórí fóònù rẹ, ṣí Developer options, wá App Compatibility Changes. Wàá rí àwọn àyípadà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́tìnì tiwọn, o sì lè tan ọ̀kan kí o pa ìyókù, láìfọwọ́ kan targetSdk. Áàpù tó jẹ́ debug nìkan ló ń gbà fún un. Tó bá jẹ́ terminal lo fẹ́ràn, adb shell am compat enable, nọ́ńbà àyípadà náà, orúkọ package rẹ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo tan ọ̀kan, mo rìn yíká áàpù, mo pa á, mo tan èyí tó tẹ̀ lé e.

Alágbẹ̀dẹ_Áàpù:

Àmọ́ kò ní mú removeFirst o, nítorí ìgbà tí a ń kọ́ áàpù ni ìyẹn ti wọlé. Fún un, àfi kí o ní fóònù àtijọ́ kan nítòsí, tàbí emulator Android 12 tàbí 13. Kó o sì wo àwọn library rẹ pẹ̀lú: bí ẹni tó kọ wọ́n bá ti fi compileSdk 35 kọ́ ọ, ó lè ti kó o wọlé bí ìwọ ò tiẹ̀ kọ ọ́ rí. Láàárọ̀ yìí ni mo tún bá ọ̀kan nínú library kan tó ń ya àwòrán gíráàfù. Mo ti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.